Orí Amọ̀ Tí Ìyá Àgbà Kò Sun

Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ nígbà tí èmi àti màámi wọ agbo ilé Ìyá Àgbà ní Ìfọ̀ ni ìró ọmọ odó. Ebi ti ń pa mí láti Pápáláńtò, mo sì ti gbà lọ́kàn ara mi pé iyán ni wọ́n ń gún dè wá. Ìgbà tí a yí sí ẹ̀yìnkùlé ni mo rí i pé amọ̀ ló wà nínú odó. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí màámi, ró ìró mọ́ àyà, wọ́n ń gún un lọ, wọ́n sì ń bá a sọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹnu bí ẹni ń bẹ ọmọ tó kọ oúnjẹ. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní, “Àṣàkẹ́ mi, káàbọ̀. Ebi ń pa ọ́, àbí?” Mo wo ojú màámi kí n tó dáhùn, torí ó ti kìlọ̀ fún mi lójú ọ̀nà pé ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ kì í béèrè oúnjẹ kó tó mu omi. Ìyá Àgbà rí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí màámi jẹ́ kí ọmọ mí. Láfún àti ọbẹ̀ ilá la jẹ lọ́jọ́ náà, ọwọ́ àti orúnkún mi sì ti kún fún amọ̀ kí n tó jẹun tán.

Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà. Ìbàfò ni èmi àti màámi ń gbé tẹ́lẹ̀, nínú yàrá kan tó kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń la pákó, níbi tí ariwo ẹ̀rọ kì í ti í dákẹ́ lọ́sàn-án, tí ariwo àdúrà kì í sì í dákẹ́ lálẹ́. Bàbá mi ti kú kí n tó mọ ojú wọn. Màámi ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà ní ilé ìwé aládàáni kan, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ kà sí iṣẹ́ ni ère mímọ. Amọ̀ ló fi ń mọ ọ́n, nítorí ẹbu ìkòkò ni wọ́n bí i sí, ìyẹn ibi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò tí wọ́n sì ti ń sun ún. Ère rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí èèyàn máa gbé sí pálọ̀ kí àlejò lè yìn ín. Ọrùn wọn á gùn jù, ẹnu wọn á là gbàgà, ọwọ́ kan á tóbi ju èkejì lọ, ojú ìka rẹ̀ á sì hàn lára amọ̀ níbi tó ti tẹ̀ ẹ́. Onílé wa wò wọ́n lọ́jọ́ kan, ó ní, “Ìyá Àṣàkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi aṣọ bò wọ́n. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń wá kí mi, ẹ̀rù ń bà wọ́n.” Màámi fi aṣọ bò wọ́n, kò jà. Lọ́jọ́ tí èmi náà bi í pé kí ló dé tí kì í mọ èèyàn tó rẹwà, ó dá mi lóhùn bí ẹni ń dá àgbà lóhùn. Ó ní, “Ojú èèyàn kọ́ ni mò ń mọ. Ohun tó ń ṣe é nínú ni mò ń mọ.” Ìyẹn ò yé mi. Mo kàn mọ̀ pé gbogbo àwọn tó wà nínú yàrá wa ló ń ké, tí ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́ wọn.

Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kan ní Jámánì ló gbà á. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kọ́ni ní Ìbàfò, Àǹtí Fúnkẹ́, ló bá a fi fọ́tò àwọn ère náà ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n ní kó máa bọ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan, fún ọdún kan péré. Lópin ọdún náà, oníkálukú á gbé iṣẹ́ kan tó ti ìlú rẹ̀ wá síwájú àwọn olùkọ́. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá wọ̀ wọ́n lójú, wọ́n á dá a dúró, wọ́n á fún un nílé, ó sì lè mú ọmọ rẹ̀ wá. Màámi ò mú ìkankan nínú àwọn tó wà ní Ìbàfò. Ó ní orí mi lòun máa mọ. Ẹbu Ìyá Àgbà ló ti mọ ọ́n, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìrìn àjò rẹ̀. Ó gbé mi jókòó sórí àpótí, ó ní kí n má mira. Bí ara bá ń yún mi, á ní, “Yún un kíá, kóo padà.” Á wò mí, á di ojú, á fi ọwọ́ tó kún fún amọ̀ pa mí lẹ́rẹ̀kẹ́, á tún padà sídìí iṣẹ́. Mo gbádùn ọjọ́ wọ̀nyẹn ju ọjọ́ Iléyá lọ. Kò tún sí ẹni tó wò mí tó bẹ́ẹ̀ láyé mi.

Orí náà jáde pẹ̀lú ọrùn gígùn, ojú tó ń wòkè, ẹnu tó là bí ẹnu ẹni tó ń pe ẹnìkan tó ti rìn jìnnà. Mo ní kò jọ mí. Ìyá Àgbà wò ó títí, wọ́n ní, “Ó jọ ọ́ o. Ó ti jọ ọ́ jù.” Ó wá ku kó gbẹ. Amọ̀ tó bá nípọn bẹ́ẹ̀ kì í tètè gbẹ, bí a bá sì kánjú sun ún, ńṣe ló máa bẹ́ nínú iná. Màámi ò lè dúró dè é. Ó fi lé Ìyá Àgbà lọ́wọ́ pé bó bá gbẹ dáadáa, kí wọ́n sun ún pọ̀ mọ́ ìkòkò, pé Àǹtí Fúnkẹ́ tó ń lọ sí Jámánì lópin ọdún á wá gbé e. Ó wá fà mí mọ́ra. Ó ní, “Bí orí yìí bá dé, ìwọ náà á dé. Ṣé o gbọ́? Máa ran màmá lọ́wọ́, má ṣagídí.” Mo ní mo gbọ́. Ó lọ ní òwúrọ̀, Ìyá Àgbà ò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, torí a kì í gbálẹ̀ tẹ̀lé arìnrìn àjò.

Mo ti gbé ibi púpọ̀ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n bí mo bá di ojú, agbo ilé yẹn ni mo máa ń gbọ́. Ìyá Àgbà á jí mi fún ìrun àárọ̀, wọ́n á wọ́n omi sí mi lẹ́sẹ̀ bí oorun bá ṣì ń kùn mí. A ó kírun, a ó pọn omi, a ó fi ẹ̀kọ àti àkàrà ṣí ẹnu. Kí n tó lọ sílé ìwé, èmi ni mò ń ṣa òkúta kúrò nínú amọ̀. Bí mo bá dé, èmi ni mò ń fọ́ àpáàdì sí wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pò mọ́ amọ̀ kó lè gbára, èmi náà ni mò ń fi òkúta dídán ra ara ìṣaasùn títí á fi máa dán. Ọkọ̀ ojú irin máa ń kọjá lẹ́yìn ọjà, á fọn fèrè, àwọn ìkòkò tí a tò lé ara wọn á máa gbọ̀n. Ìyá Àgbà á ní, “Rọra lọ o. Àwọn wọ̀nyí è tíì jinná.” Wọ́n á sọ ọ́ bíi pé awakọ̀ náà wà ní ìdí ààrò pẹ̀lú wa. Bàbá Sùlè, télọ̀ tó háyà yàrá iwájú, nìkan ló kù tó ń gbọ́ wa.

Ilé náà tóbi, àwọn ará inú rẹ̀ sì ti lọ tán. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa pọ̀ ju èyí tó ṣí lọ. Àbúrò màámi kan wà ní Akútẹ, òmíràn wà ní Èkó, àwọn ọmọ ìyàwó kejì ti tú ká, bàbá àgbà ti kú. Láràárọ̀ ni Ìyá Àgbà máa ń gbálẹ̀ iwájú ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì máa dárúkọ ẹni tó ni ín fún mi. “Ti Mùdá nìyí. Ti Ràmọ́tà nìyí. Èyí ni ti ìyá ẹ.” Mo rò nígbà náà pé ìmọ́tótó ni. Bí a bá jẹun alẹ́ tán, wọ́n máa ń bu díẹ̀ sílẹ̀ nínú ìkòkò, wọ́n á ní bóyá ẹnìkan lè yà. Ẹnikẹ́ni kì í yà. Èmi ni mo máa ń jẹ ẹ́ láàárọ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé mi máa ń bi mí pé ìgbà wo ni mò ń lọ sí Jámánì, mo máa ń ní láìpẹ́, mo sì gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà tí mo gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà tí wọ́n ń bá amọ̀ sọ̀rọ̀, mo máa ń dúró gbọ́ wọn kí n tó wọlé. Mo ń ṣàárò màámi, mo sì ti ń ṣàárò Ìyá Àgbà tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ọmọdé ò mọ ohun tó yẹ kó fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe.

Òjò ni ọ̀tá ẹbu. Bí ojú ọ̀run bá ti ń ṣú, a ó máa sáré kó ìkòkò tí a kò tíì sun wọlé. Mo gbàgbé ìṣaasùn kan síta lọ́jọ́ kan, nígbà tí òjò dá, ẹrẹ̀ ni mo bá níbi tó wà. Mo ti ń sunkún sílẹ̀ de ẹgba. Ìyá Àgbà ò lù mí. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì kó ẹrẹ̀ náà padà sínú odó, wọ́n ní, “Ohun tí iná è bá tíì kàn, ti omi ni.” Wọ́n sì tún un mọ lọ́jọ́ kejì.

Orí mi gbẹ lórí pákó ní kọ̀rọ̀ yàrá wọn. Lọ́jọ́ tí a bá máa sun ìkòkò, a ó tò wọ́n lé ara wọn ní gbangba, a ó fi igi àti èèpo igi yí wọn ká, a ó da koríko gbígbẹ bò wọ́n. Ìyá Àgbà máa ń fi àyè sílẹ̀ fún orí náà láàárín. Wọ́n á gbé e jáde, wọ́n á gbé e dání, wọ́n á dúró. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n ní atẹ́gùn ti pọ̀ jù. Nígbà tó tún yá, wọ́n ní igi ò gbẹ tó. Lọ́jọ́ kan wọ́n tiẹ̀ ti tẹ́ ẹ sí àyè rẹ̀, wọ́n ti ń ṣá ìṣáná, ni wọ́n bá tún yọ ọ́. Mo ní, “Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sun ún. Màámi ní bí kò bá dé, èmi náà ò ní dé.” Wọ́n wo ojú amọ̀, wọ́n wo ojú mi. Wọ́n ní, “Àṣàkẹ́, mi è lè ṣe é. Ojú ẹ rèé. Wọn è é fọwọ́ ara ẹni ti ojú ọmọ bọná.” Mo rán wọn létí òwe tí màámi fẹ́ràn, pé ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. “Ti ìkòkò nìyẹn,” wọ́n ní. “Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́.” Inú mi dùn, nítorí ẹ̀rù iná yẹn ń ba èmi náà. Inú mi sì bàjẹ́ pẹ̀lú. A sun ìkòkò yòókù, orí mi padà sí kọ̀rọ̀.

Fóònù Bàbá Sùlè ni màámi máa ń pè. Wọ́n á fi téépù ìwọ̀n aṣọ kọ́ ọrùn, wọ́n á sáré wá sí ẹ̀yìnkùlé: “Ìyá, Jámánì ń pè o.” Màámi á sọ̀rọ̀ òtútù, á sọ̀rọ̀ búrẹ́dì tó le, á ní obìnrin kan ń gbé ní ilẹ̀kùn tó tẹ̀lé tòun, pé àwọn ò tíì kí ara àwọn rí. Á bi mí bí mo ṣe ga tó. Á wá béèrè orí. Títí ó fi kù díẹ̀ kí ọdún parí, Ìyá Àgbà ń ní kò tíì gbẹ. Lọ́jọ́ tí kò ṣe é sọ mọ́, wọ́n ní, “A ti sun ún.” Mo dúró tì wọ́n, mo di ìró wọn mú, mo ń gbọ́ ohùn màámi nínú fóònù. “Kò sán, màmá?” “Kò sán rárá.” “Ó dún dáadáa tí ẹ bá ta ìka sí i?” “Ó ń dún bí agogo.” Màámi rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Nígbà tí Àǹtí Fúnkẹ́ ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀, Ìyá Àgbà se èèpo irú. Omi rẹ̀ la máa ń wọ́n sára ìkòkò gbígbóná tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú iná, kó lè pọ́n, kó sì dán. Wọ́n jẹ́ kó tutù. Wọ́n ri àkísà bọ̀ ọ́, wọ́n fún un, wọ́n ń rọra fi kan ojú orí náà, wọ́n á dúró kó gbẹ, wọ́n á tún fi kàn án, láti ìrun ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, àlejò á búra pé ó ti wọná. Wọ́n ní, “Ohun tó o rí yìí, inú ẹ ni kó gbé.” Àǹtí Fúnkẹ́ dé lọ́jọ́ kejì, ó kúnlẹ̀, ó yí orí náà lọ́wọ́, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ó dáa gan-an, àmọ́ ó ń bani lẹ́rù díẹ̀.” Ìyá Àgbà fi ìró wọn tó dára jù wé e. Wọ́n ní, “Rọra gbé e, ọmọ mi. Má jẹ́ kó gbá nǹkan, má jẹ́ kó já bọ́.” Wọn ò sọ̀rọ̀ omi. Lẹ́yìn tí ó lọ, mo kó aṣọ mi sínú ọ̀rá, mo gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí n má baà dá ẹni tó bá wá mú mi dúró.

Bàbá Sùlè ò sáré lọ́jọ́ tí ìpè náà wọlé. Wọ́n rọra gbé fóònù fún Ìyá Àgbà, wọ́n padà sídìí maṣíìnì wọn, a ò sì gbọ́ kí wọ́n rán nǹkan kan. Màámi ní eruku ọ̀nà ló wà lójú orí náà. Ó gbé e sínú bàsíà, ó ṣí omi, ó ń fi ọwọ́ nù ún bó ṣe máa ń bọ́jú fún mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Imú ló kọ́kọ́ lọ. Ó rò pé eruku ló ń kúrò. Nígbà tó fi mọ̀, ẹnu ti tẹ̀lé e, ojú ti ń ṣàn sínú bàsíà. “Màmá, ẹ ò sun ún.” Ìyá Àgbà ní, “Mi è lè sun ún, Síkírá. Ojú ọmọ ẹ ni.” A gbọ́ tó ń sunkún bí ọmọdé. Ó ní kí wọ́n gbé fóònù fún mi. Ó ní, “Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Màá wá nǹkan ṣe sí i.” Ọ̀rá aṣọ mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí aṣọ inú rẹ̀ fi kéré jù fún mi.

Kò rí nǹkan gbé síwájú àwọn olùkọ́, wọn ò dá a dúró. Kò sì padà wálé. Ó ń tọ́jú ilé onílé, ó ń fọ abọ́, ó ń sá kiri láìní ìwé ìgbélùú. Ṣùgbọ́n kò da ẹrẹ̀ inú bàsíà yẹn nù. Láti inú rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí mọ àwọn ojú tó ń yọ́: ojú ọmọdé tí imú rẹ̀ ti ṣàn dé àgbọ̀n, ojú tó kù díẹ̀ kó má jẹ́ ojú mọ́. Àwọn yẹn ni ayé mọ̀ ọ́n mọ́. Wọ́n ti gbé wọn dé àwọn ìlú tí mi ò lè pe orúkọ wọn dáadáa. Àwọn kan níbẹ̀ ní ogun ló ń mọ, àwọn kan ní òkun tó ń gbé àwọn arìnrìn àjò mì ni. Màámi máa ń sọ fún wọn pé ìyá òun tó jẹ́ amọ̀kòkò ní Ìfọ̀ ló fà á, pé ìfẹ́ ni kò jẹ́ kó lè ti ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀ bọ iná. Mo ti wò ó lórí fóònù, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, tí obìnrin kan ń fi aṣọ pélébé nu ojú. Nígbà tí ìwé rẹ̀ fi tọ́, mo ti kọjá ọjọ́ orí tí wọ́n ń gbà kí ìyá mú ọmọ wọlé. Ó wá sílé lẹ́ẹ̀kan, kò lo ọ̀sẹ̀ kan. A jókòó, a ń wo ara wa, a ń béèrè bóyá ẹnìkejì ti jẹun.

Mówé ni mò ń gbé báyìí, nínú ilé tí mo dá háyà. Mi ò mọ ohunkóhun, ìkòkò tàbí ère. Àmọ́ bí mo bá ń fọ abọ́ nìkan lálẹ́, mo máa ń rò ó. Ẹni tó ti ń mọ ìkòkò kí wọ́n tó bí màámi, tó ń sáré kí òjò tó dé, ṣé kò mọ ohun tí omi máa ṣe? Ó pẹ́ kí n tó lè béèrè.

Òpin ọ̀sẹ̀ kan ni, lọ́sàn-án. Ìyá Àgbà ò ríran dáadáa mọ́, àwọn èèyàn Bàbá Sùlè ló ń bá mi wò wọ́n láàárín ọ̀sẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ wọn lé itan, mo ń fi òrí pa á. Mo ní, “Ìyá Àgbà, ẹ mọ̀ pé omi máa kàn án.” Wọn ò bi mí pé kí ni.

“Mo mọ̀,” wọ́n ní.

“Ẹ̀rù iná kọ́ nìkan ni.”

“Ẹ̀rù iná wà níbẹ̀. Mi è parọ́ ìyẹn.” Wọ́n ń wá ojú mi kiri níbi tí mi ò sí. “Ilé yìí tóbi, Àṣàkẹ́. Gbogbo wọn ló lọ. Bó bá dé ọ̀hún láyọ̀, wọn á ránṣẹ́ mú ọ. Ta ni ì bá kù tí màá máa pè?”

Inú bí mi. Ó bí mi débi pé mo fẹ́ gbé ẹsẹ̀ wọn sílẹ̀ kí n sì jáde. Mo ro màámi nídìí bàsíà yẹn, ní yàrá tí ẹnikẹ́ni kì í kí i, tó ń wo ojú mi tó ń lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ro ọmọ tó di aṣọ rẹ̀ sínú ọ̀rá. Èèyàn mẹ́ta ni wá, Ìyá Àgbà ló fọ́n wa ká torí kí wọ́n má baà dá wà, àwọn náà sì ń dá wà níkẹyìn, ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ń dúró de ìró ẹsẹ̀ mi. Mi ò lè fi wọ́n ré, mi ò sì lè dárí jì wọ́n.

“Ṣé wàá sọ fún un?” wọ́n béèrè.

Fóònù mi ló dún. Orúkọ màámi ló wà lójú rẹ̀, àkókò tó máa ń pè ni. Ìyá Àgbà gbé orí sókè sí ìró náà.

“Ìyá ẹ ni?”

“Rárá,” mo ní. Mo pa ohùn fóònù, mo bu òrí sọ́wọ́, mo sì gbé ẹsẹ̀ kejì.